Nígbà tí ìwé kò bá wọ orí ọmọ: ohun tó wà lọ́wọ́ òbí

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fagi lé ìlànà tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2022, èyí tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ló kéde rẹ̀ ní Àbújá pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa lò láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ èdè, àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí ti ń jiyàn lé e lórí, tí ọ̀pọ̀ sì ń sọ̀rọ̀ nípa àṣà tó ń lọ sí ìparun àti ìdánwò tí àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí ìpinnu náà kàn ju àwọn yòókù lọ, tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà: àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn pé, tí ẹnu wọn dá ṣáká, ṣùgbọ́n tí ìwé kíkà àti lẹ́tà títò, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní sípẹ́lì, nira fún kọjá bó ṣe yẹ. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà láti inú èdè tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ dáadáa, ọrùn òbí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ bọ́ sí.

Mo mọ ọmọ kan bẹ́ẹ̀ nílùú Ìbàdàn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ìyá rẹ̀ sì ń ta èlò ọbẹ̀. Bí oníbàárà bá mú náírà 2,000 wá, tó ra tòmátì 700 àti àlùbọ́sà 450, ọmọ náà á ti na ṣéńjì 850 sí i kí ìyá rẹ̀ tó gbójú sókè. Ó lè pa àlọ́ Ìjàpá tòun torin láìfo ibì kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ojú ìwé kan síwájú rẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló ń wò nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí á sì máa méfò ìyókù. Ó ka "bàtà" bí ẹni pé "baba" ni, ó ka "ọ̀bẹ" bí "ọbẹ̀" nínú gbólóhùn tí kò sí oúnjẹ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì kà bó ṣe yẹ lórí ìlà kìn-ín-ní tún di àjèjì sí i lórí ìlà kẹta. Orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bọ́lá, ọ̀nà mẹ́ta ló gbà kọ ọ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo: Bola, Dola, Balo. Wọ́n ti nà án nítorí èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní olódo rabata, ẹnìkan sì ti gba ìyá rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó wá ìsọ̀yè fún un.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Dókítà ojú kan ní ilẹ̀ Jámánì, Rudolf Berlin, ló fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, dìsílẹ́kísíà, ní ọdún 1887. Ní ọdún 1896, dókítà ará Ìlú Ọba kan, William Pringle Morgan, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan tó ń jẹ́ Percy, tó mọ ìṣirò dáadáa, ṣùgbọ́n tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ bíi "Precy" tí kò sì fura pé òun ṣàṣìṣe. Olùkọ́ ọmọ náà sọ pé bó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni, òun ni ìbá já fáfá jù nínú ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ Ìbàdàn tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí àti Percy, ọ̀kan náà ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lé ní 120 ọdún láàárín wọn. Orúkọ gbogbogbòò tí wọ́n ń lò fún ìṣòro yìí àti àwọn tó jọ ọ́, ìyẹn ìpènijà ẹ̀kọ́ kíkọ́, kò gbilẹ̀ títí di ìgbà tí onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà kan, Samuel Kirk, lò ó ní ìlú Chicago ní 1963, níbi ìpàdé kan tí àwọn òbí fúnra wọn pè nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọn ti sú wọn.

Ohun tí ìwádìí ti fi hàn láti ìgbà náà wá ni pé inú bí ọpọlọ ṣe ń bá ìró ọ̀rọ̀ lò ni ìṣòro náà sábà máa ń wà, kì í ṣe inú ojú. Ọmọ náà ń gbọ́ "ilé", ó sì mọ ohun tí ilé jẹ́, ṣùgbọ́n odindi kan tó dì mọ́ra ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ní etí rẹ̀; ó ṣòro fún un láti fọ́ ọ sí "i" àti "lé", kó sì tún ya ìró "l" kúrò lára "é", bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìró tí a bá lè yà sọ́tọ̀ nìkan la lè fi lẹ́tà dúró fún. Ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé àti ti àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé àìríran dáadáa kọ́ ló ń fa dìsílẹ́kísíà, àti pé kò sí ẹ̀rí pé awò aláwọ̀ mèremère tàbí eré ìdárayá ojú ń wò ó sàn. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, nítorí náà bàbá tó ń bínú sí ọmọ lè fi ara balẹ̀ rántí bí ìwé kíkà ṣe rí fún òun náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé nǹkan bí ọmọ márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in dé ìwọ̀n kan. Ní ti ìsọ̀yè, n kò fẹ́ fi àṣà ẹnikẹ́ni wọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó rántí àlọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ṣaláìní iyè nínú. Kò sí àgbo tàbí oògùn òyìnbó tó ń wo ìṣòro yìí. Ẹ̀kọ́ tí a bá fi sùúrù kọ́ ọ ní ọ̀nà tó tọ́ ni oògùn rẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ní Nàìjíríà ni pé ọmọ tí kò lè kàwé kò ṣọ̀wọ́n rárá. Àjọ UNICEF sọ ní ọdún 2022 pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ọdún 7 sí 14 ní orílẹ̀-èdè yìí ni kò lè ka gbólóhùn kúkúrú kó yé wọn tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò tó rọrùn. Nínú kíláàsì tó kún fọ́fọ́, tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ̀wéé kà nítorí pé wọn kò kọ́ wọn dáadáa, ta ni yóò dá ọmọ méjì tàbí mẹ́ta mọ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n tilẹ̀ kọ́ wọn bó ṣe yẹ, yóò ṣì nira fún wọn? Lójú mi, èyí ni ìdí tí òbí kò fi gbọdọ̀ dúró de ìgbà tí ẹnìkan yóò fún ọmọ náà ní orúkọ àìsàn. Ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò, pàápàá bí etí bá ń tú sí i, tàbí bí ibà pọ́njú tó le bá mú un nígbà tó wà ní ìkókó, nítorí pé ó lè ba ìgbọ́ràn jẹ́. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde nílò àyẹ̀wò tirẹ̀, torí àrùn náà lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí èyí bá ti kúrò nílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nílé lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan. Ọmọ tí wọn kò kọ́ tẹ́lẹ̀ yóò yára gbéra. Ọmọ tó ní ìpènijà yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀, yóò máa gbàgbé ohun tó mọ̀ lánàá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ló ń ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́.

Ẹ má sì ka gbogbo àṣìṣe sí ìpènijà. Ọmọ Yorùbá tó kọ "sheep" níbi tó ti yẹ kó kọ "ship" kò ní ìṣòro kankan: èdè Yorùbá kò ya ìró méjèèjì sọ́tọ̀, ohun tí etí rẹ̀ sì gbọ́ ló kọ. Bákan náà ni ọmọ tó fi "h" kún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí tó yọ ọ́ kúrò. Ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ń fi "b" dípò "d" pọ̀ káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń bọ́ nínú rẹ̀ fúnra wọn. Ohun tó yẹ kó kọ òbí lóminú ni ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ méjì tó fi ìró kan náà bẹ̀rẹ̀, àgàgà ní èdè tó ń sọ láti kékeré.

Èdè tó ń sọ láti kékeré yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ohunkóhun tí ìlànà ìjọba ì báà wí. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní, fáwẹ̀lì méje àti kọ́ńsónáǹtì 18, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ju ìró kan lọ. Ọmọ tó bá ti mọ "b" àti "a" yóò ka "ba" níbikíbi tó bá ti rí i. Lẹ́tà 26 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó lé ní 40 ìró tí wọ́n ń fi àwọn lẹ́tà náà kọ, tí "though", "through" àti "tough" fi jọra lójú tí wọn kò sì jọra létí. Ní ọdún 2001, àwọn olùwádìí kan fi àwọn tó ní dìsílẹ́kísíà ní Ítálì wé àwọn ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé: bákan náà ni ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń kàwé, ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì, tí èdè wọn ń kọ ohun tó ń sọ gẹ́gẹ́ bíi tiwa, kàwé dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Nílùú Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, fi hàn pé àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì dẹ́yìn. Àwọn òbí Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston náà yẹ kó mọ èyí, nítorí pé wọ́n ṣì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn nígbà mìíràn pé kí wọ́n má sọ Yorùbá sí ọmọ tí ìwé nira fún. Èdè méjì kì í fa dìsílẹ́kísíà.

Etí ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ́ kí ẹ tó dé orí lẹ́tà, eré tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa sì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sọ ẹ̀nà nígbà èwe yín rántí bó ṣe ń lọ: nínú irú kan, a ó fi "g" àti fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ há ẹ̀yìn sílébù kọ̀ọ̀kan, tí "mo fẹ́ lọ" á fi di "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Kò sẹ́ni tó lè sọ ẹ̀nà láìfọ́ ọ̀rọ̀ sí sílébù nínú orí rẹ̀, ohun tó sì nira fún ọmọ yìí gan-an nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀nà pẹ̀lú ọmọ Ìbàdàn náà láti orí orúkọ àwọn ará ilé. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kò gbé e rárá. A wá yí i padà sí ìpàtẹ́wọ́: ẹ̀ẹ̀mejì fún "bà-tà", ẹ̀ẹ̀mẹ́rin fún "à-lù-bọ́-sà", ó sì ń fi ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan lélẹ̀ bó ṣe ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ìdérí mẹ́rin wà nílẹ̀, mo ní kó yọ èyí tó jẹ́ "bọ́" fún mi. Ó pẹ́ lórí rẹ̀, ó ń fi ìka kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì, kó tó mú ẹ̀kẹta. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ọ̀nà ti là.

Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà yóò dé, ẹyọ kan tàbí méjì ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìró lẹ́tà ni kí ẹ kọ́ ọ, kì í ṣe orúkọ tí a fi ń kọ ọ́ lórin. Orin "a, bí, dí, e, ẹ, fí" dùn, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń pe "b" ní "bí" yóò rí "ba", yóò sì gbìyànjú láti sọ "bí-a", ọmọ tó yára á fo ìdíwọ́ náà, èyí tí ìwé nira fún á sì dúró síbẹ̀. Ẹ má kọ́ ọ ní "b" àti "d" ní ọ̀sẹ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni "e" àti "ẹ", "o" àti "ọ", "s" àti "ṣ". Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan fìdí múlẹ̀ kí èkejì tó dé. Ẹ da yanrìn gbígbẹ sínú àwo tàbí páálí, kó fi ìka kọ lẹ́tà náà gàdàgbà, kí ẹnu rẹ̀ máa pe ìró rẹ̀ bí ìka ṣe ń lọ. Ojú, etí, ẹnu àti ọwọ́ yóò jọ ṣiṣẹ́, èyí sì ni ìpìlẹ̀ ọ̀nà tí Samuel Orton àti Anna Gillingham gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1930 sí i, tí àwọn olùkọ́ ṣì ń lò títí dòní. Ìṣẹ́jú 15 tó lóòjọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ohun àná ni kí ẹ fi tún ṣe, nítorí pé ohun tí ọmọ mìíràn yóò mọ̀ lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta lè gba ọmọ yìí ní ìgbà 30.

Ní ti lẹ́tà títò, ohùn ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò lóhùn kò tíì di ọ̀rọ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi dò, re, mí kọ ọ̀rọ̀ náà lórin: "ilé" jẹ́ re-mí, "ọ̀bẹ" jẹ́ dò-re, "ọbẹ̀" jẹ́ re-dò. Lẹ́yìn náà, kó pàtẹ́wọ́ iye sílébù, kó to ìdérí ìgò, kó wá pe ìró inú sílébù kọ̀ọ̀kan kó tó kọ ọ́. Nígbà tó bá kọ ọ́ tán, kó bò ó, kó tún un kọ láti inú orí, kó sì ṣí i wò fúnra rẹ̀. Ẹ má fi pẹ́ńsù pupa dá a lẹ́jọ́. Àwọn ibì kan wà tí etí nìkan kò tó: ìró tó gbẹ̀yìn "ìbọn" àti èyí tó gbẹ̀yìn "ìtàn" kò yàtọ̀ létí, ṣùgbọ́n "ọn" la ń kọ lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, tí a sì ń kọ "an" lẹ́yìn àwọn yòókù. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ́ ọ ní gbangba, ẹ má rò pé yóò ṣàdéédéé mọ̀ ọ́n. Ẹ sì ṣọ́ra fún ìwé àtijọ́. Bíbélì tó wà lórí tábìlì ìyá àgbà lè máa kọ "aiye", "enia" àti "nwọn", nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ni ní "ayé", "ènìyàn" àti "wọ́n" láti ìgbà tí wọ́n ti tún àkọtọ́ ṣe ní 1974. Ọmọ tí ìwé rọrùn fún kò ní kọbi ara sí i, ṣùgbọ́n fún ọmọ yìí, ó lè da gbogbo ohun tó ti kọ́ rú.

Gẹ̀ẹ́sì yóò tẹ̀lé e, nítorí pé òun ni wọn yóò fi dán an wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ìró wọn bá ti Yorùbá mu, bíi "leg" àti "bed". Bó bá kọ "bẹd" sílẹ̀, ẹ yọ̀ fún un: etí rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, ohun tó kù ni pé kó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì kì í lo àmì ìsàlẹ̀. Ẹ sọ fún un ní kedere pé "p" ti Yorùbá àti "p" ti Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ìró kan náà. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi "said" àti "one", tí kò tẹ̀lé ọ̀nà kankan, ni kó máa kọ́ sórí lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ máa kàwé sí i létí lálẹ́, ìwé tó bá ọgbọ́n orí rẹ̀ mu, kì í ṣe èyí tó lè dá kà nìkan, kí ìmọ̀ rẹ̀ má bàa dúró de ojú rẹ̀.

Ẹ wá bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ mú ìwé tó ń kọ nílé dání kó lè fojú rí i. Ohun tí ẹ lè bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí wọ́n má pè é kàwé sókè lójú gbogbo kíláàsì láìsọ fún un tẹ́lẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó fẹnu dáhùn àwọn ìbéèrè kan, kí wọ́n fún un ní àkókò díẹ̀ sí i, kí wọ́n má sì nà án nítorí lẹ́tà. Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpènijà, òfin ọdún 2018 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, sọ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ gírámà, àti pé ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ẹnìkan tó kọ́ṣẹ́ láti tọ́jú wọn. Láti ọdún 1977 ni ìjọba ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nílùú Ọ̀yọ́, Yunifásítì Ìbàdàn náà sì ní ẹ̀ka tirẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti dé kò ní ẹnìkan ṣoṣo. Ó dùn mí, nítorí pé àwọn olùkọ́ náà ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́dọọdún.

Ọmọ Ìbàdàn náà ṣì ń lọ́ra. Ó ti ń ka ojú ìwé kan tán báyìí, ó sì ti ń kọ orúkọ Bọ́lá tòun ti àmì rẹ̀. Ní Sátidé kan, a jọ dúró ní ìdíkọ̀, ó ń wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ gàdàgbà sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kan: IGBA OTUN. Ó kọ́kọ́ pè é ní "igbá", ó mi orí, ó rọra fi ìka kan itan rẹ̀, dò, dò, ó ní, "Ìgbà. Ìgbà ọ̀tun." Ó wá yíjú sí mi, inú sì bí i díẹ̀: "Kí ló dé tí wọn kò fi àmì sí i?"